Ta Ló Ń Pín Akọ Àti Abo? Ohun Tí Òjòlá Fi Kọ́ Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń yà síbí wá kàwé, ọ̀rọ̀ ejò ni mo gbé wá lónìí. Kí ẹni tí ẹ̀rù ejò ń bà má tíì sá o, torí ọ̀rọ̀ ejò yìí máa tó di ọ̀rọ̀ ilé.

Ohun tó fà á nìyí. Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú yín tó ń gbé ní Amẹ́ríkà pè mí lórí fóònù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń sin ejò. Òjòlá mẹ́fà ló wà nínú àpótí nínú yàrá ọmọ náà, ìyá rẹ̀ kì í sì í dé ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn mọ́. Ọmọ náà wá ń sọ fún wọn pé òun ní akọ òjòlá kan tó jẹ́ pé abo nìkan ló ń bí. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Prof, ẹ bá wa dá sí i. Ṣé bàbá ejò ló ń pín akọ àti abo ni, àbí ìyá ejò?" Mo ní ìtàn ni mo kọ́ ọ, n kò kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ẹranko. Ó ní, "Ẹ ṣáà bá wa wò ó, sà."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò mi ní Ìlaró níbí wá bá mi nírọ̀lẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, kò tètè sọ̀rọ̀. Nígbà tó máa sọ ọ́, ó ní òun fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì. Ọmọ mẹ́rin ni èyí tó wà nílé ti bí, obìnrin sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi. Ó fẹ́ kí n bá òun pe ìyàwó náà, kí n là á yé e pé kì í ṣe ìjà, pé ilé wọn ni kò gbọdọ̀ pa rẹ́. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ Sunday.

Mo wá jókòó, mo rí i pé ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì bi mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ mí lára. Àbúrò ìyá mi kan wà tó lọ sílé ọkọ ní Aiyétòrò. Ọmọ mẹ́fà ló bí níbẹ̀, obìnrin ni gbogbo wọn. Lẹ́yìn ìkẹfà, àwọn ẹbí ọkọ ní ikùn rẹ̀ kì í gba ọkùnrin. Wọn kò lù ú, wọn kò sì ju ẹrù rẹ̀ síta. Wọ́n kàn gbé ìyàwó mìíràn wọlé, wọ́n gba yàrá rẹ̀ fún un, wọ́n sì jẹ́ kó yé e pé ààyè rẹ̀ ti tán. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí Ìlaró, ó ń ṣe láfún tà. Owó láfún yẹn ló fi rán wọn lọ sílé ìwé.

Mo wà nílé ìwé gírámà nígbà náà. Mo kà á nínú ìwé bàọ́lọ́jì pé láti ara ọkùnrin ni ohun tó ń sọ ọmọ di ọkùnrin tàbí obìnrin ti ń wá. Mo kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì lórí rẹ̀. Nígbà ìsinmi, mo jókòó ní ẹ̀yìnkùlé àǹtí mi yìí, mo ń jẹ ọkà láfún rẹ̀, mo gbọ́ tó ń sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé, "Ikùn tèmi ni kò gba ọkùnrin." N kò sọ nǹkan kan. Kí lọmọdé ń wá nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ yẹn.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ tó wà ní Amẹ́ríkà ní bàbá ejò kan ń bí kìkì abo, n kò lè gbé fóònù sílẹ̀ kí n gbàgbé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ejò náà fúnra rẹ̀, torí ará ibí ni. Kì í ṣe òjòlá ńlá tó ń gbé ewúrẹ́ mì là ń sọ. Òjòlá kékeré ni, èyí tí gígùn rẹ̀ kì í sábà ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Kì í lóró. Tí ẹ̀rù bá bà á, ńṣe ló máa ká jọ roboto bíi bọ́ọ̀lù, tó máa fi orí pamọ́ sáàárín. Ìdí nìyẹn tí òyìnbó fi ń pè é ní ball python. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ni Python regius. Láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Ùgáńdà ló ń gbé, nínú ọ̀dàn àti nínú oko, nínú ihò tí eku àti òkété gbẹ́. Eku ló ń jẹ. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà lọ́dún 1889, tó fi Kétu sọ́wọ́ Faransé, tó sì fi Ìmẹ̀kọ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò kan òjòlá rárá.

Téèyàn bá gbéra láti Ìlaró, tó gba Ìdíròkò kọjá, á dé Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, á dé Kútọnu, lẹ́yìn ìyẹn ló máa dé Ouidah. Níbẹ̀, wọ́n ń bọ òjòlá kékeré yìí. Dangbe ni orúkọ òrìṣà náà. Ilé rẹ̀ dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì. Tí ejò náà bá jáde tó wọ ilé ẹlòmíì, ẹni náà á rọra gbé e, á dá a padà. Kì í ṣe àná ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Willem Bosman, oníṣòwò ará Họ́láǹdì, ti kọ nípa bí wọ́n ṣe ń bọ ejò ní àgbègbè yẹn sínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1704. Nígbà tí Agájà ọba Dahomey ṣẹ́gun ibẹ̀ ní 1727, ìjọba bọ́ lọ́wọ́ àwọn onílùú, ṣùgbọ́n wọn kò dẹ́kun bíbọ ejò wọn.

Ejò tí wọ́n ń bọ nínú ilé níbẹ̀ wá di ọjà. Láti 1975, òjòlá kékeré tí wọ́n ti kó jáde láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí òkè òkun lọ́nà òfin lé ní mílíọ̀nù 3. Tógò, Benin àti Gánà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti jáde. Amẹ́ríkà ló sì ń rà jù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, àkókò tí abo òjòlá ń lóyún tó sì ń yé ẹyin nínú ihò, àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ máa ń gbẹ́ ihò náà. Wọ́n á kó ìyá àti ẹyin tà fún àwọn tó ní oko ejò. Ẹyin náà kì í pọ̀, bíi 4 sí 10 ni. Nínú igbó, ìyá ejò ló máa ń ká yí ẹyin rẹ̀ po láti ṣọ́ ọ. Lóko ejò, inú àpótí ni wọ́n ń kó ẹyin sí. Bí ó bá tó bí oṣù 2, ẹyin á pa, wọ́n á sì kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀ òfurufú. Ìlànà ni pé kí apá kan padà sínú igbó. Ejò náà wà nínú àtòjọ kejì CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi inú igbó; òwò náà kò di èèwọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ.

Kí ni wọ́n ń fi ṣe lọ́hùn-ún? Ọ̀pọ̀ ń sìn ín bí àwa ṣe ń sin ológbò. Ṣùgbọ́n àwọn kan rí i pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lára àwọn ejò tó ti Áfíríkà wá máa ń ní àwọ̀ tó yàtọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú irú wọn bímọ. Ní 1992, Bob Clark mú òjòlá àfín bímọ nínú àgò fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní 1997, Peter Kahl mú èyí tó ní àbàwọ́n funfun bímọ. Láti ìgbà náà ni àwọ̀ ti ń gorí àwọ̀. Àwọ̀ tuntun kan lè mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là wá. Àgbẹ̀ tó gbẹ́ ihò ní Tógò kò mọ̀ rárá pé irú owó bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tí òun tà ní owó táṣẹ́rẹ́.

Níbi tí owó bá wà, ìwé àkọsílẹ̀ á wà níbẹ̀. Ẹ fọkàn sí i o, ibí yìí ni ìtàn náà wà. Àwọn tó ń sin ejò wọ̀nyí ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀: akọ wo ló gun abo wo, ọjọ́ wo ni abo yé, ẹyin mélòó ló pa, àwọ̀ wo ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ní, akọ mélòó, abo mélòó. Akọ àti abo ejò kò ṣeé fi ojú lásán mọ̀ bíi ti àkùkọ àti àgbébọ̀ o. Irin tín-ín-rín kan tí kò mú ni wọ́n ń rọra tì sí ìsàlẹ̀ ìrù. Lára akọ, ó máa ń wọlé jìnnà; lára abo, kì í lọ jìnnà. Wọ́n ń wá abo lójú méjèèjì torí ó níye lórí ju akọ lọ: akọ kan lè gun ọ̀pọ̀ abo, ṣùgbọ́n abo ló ń yé. Àbí ẹ ò rí i? Níbi tí ìdílé ọkọ àǹtí mi ti ń sunkún ọkùnrin, àwọn wọ̀nyí ń gbàdúrà fún abo.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọ̀ kan jáde tó pupa rúsúrúsú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Banana ni wọ́n sọ ọ́; ẹ jẹ́ ká pè é ní aláwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú akọ aláwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ gun abo tí kò ní àwọ̀ yẹn, ìdajì ọmọ ló gba àwọ̀ náà, bó ṣe yẹ. Ohun tó ya wọ́n lẹ́nu ni pé láti ara bàbá kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kìkì akọ ni àwọn ọmọ tó gba àwọ̀ náà. Láti ara bàbá mìíràn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kìkì abo ni wọ́n. Wọ́n fún àwọn bàbá náà lórúkọ, ọ̀kan ni bàbá-akọ, èkejì ni bàbá-abo, wọ́n sì ń tà wọ́n pẹ̀lú orúkọ yẹn. Bí wọ́n sì ṣe ń tọ ìwé àkọsílẹ̀ padà sẹ́yìn, wọ́n rí i pé bàbá-abo ni akọ tó gba àwọ̀ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bàbá-akọ ni akọ tó gbà á lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Tó bá wá jẹ́ abo ló ní àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sí ìyàtọ̀: àwọn ọmọ rẹ̀ tó gba àwọ̀ náà á jẹ́ akọ àti abo bákan náà.

Nínú ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ohun tí wọ́n rí yìí kò ṣeé ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara gbogbo ẹran àti èèyàn, àwọn okùn tín-ín-rín wà tí wọ́n ń pè ní kúrómósóòmù. Méjì méjì ni wọ́n, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Lára èèyàn, obìnrin ní X méjì. Ọkùnrin ní X kan àti Y kan. X nìkan ni ìyá ní tó lè fún ọmọ. Bàbá ló lè fúnni ní X tàbí Y. Tó bá fún ọmọ ní X, ọmọbìnrin nìyẹn. Tó bá fún un ní Y, ọmọkùnrin ni. Ní ti adìẹ, ọ̀rọ̀ yí padà. Àkùkọ ní Z méjì. Àgbébọ̀ ló ní Z kan àti W kan. Nítorí náà, lọ́dọ̀ adìẹ, ìyá ló ń pín in.

Ejò ńkọ́? Lára paramọ́lẹ̀, ọká àti irú wọn, àti lára ṣèbé àti irú tirẹ̀, àwọn onímọ̀ fi maikirosíkóòpù rí i pé bíi ti adìẹ ni: abo ló ní méjì tí kò jọra. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo òjòlá, gbogbo okùn náà jọra. Kò sí èyí tó dá yàtọ̀. Susumu Ohno, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kalifóníà, kọ ìwé pàtàkì kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1967. Àlàyé rẹ̀ ni pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo ejò ń tọ̀: òjòlá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, níbi tí Z àti W kò tíì yàtọ̀ síra; paramọ́lẹ̀ ti dé òpin rẹ̀. Àlàyé náà dùn, ó bára mu, orúkọ ẹni tó ṣe é sì tóbi. Nítorí náà ni ìwé ń kọ ọ́ láti inú ìwé fún 50 ọdún pé nínú gbogbo ejò, ìyá ló ń pín akọ àti abo. Àbá lásán ni ní ti òjòlá o. Kò sẹ́ni tó rí i.

Ẹ wá fi ti aláwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò ó. Ká ní akọ òjòlá ní Z méjì lóòótọ́, tí àwọ̀ náà sì wà lórí ọ̀kan. Ó máa fún àwọn ọmọ rẹ̀ akọ ní Z kan, ó máa fún àwọn abo náà ní Z kan, láì dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Kò sí bí ó ṣe máa wá jẹ́ bàbá-akọ tàbí bàbá-abo. Ṣùgbọ́n ká ní bíi ti èèyàn ni, pé akọ ní X àti Y. Akọ tó gba àwọ̀ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, orí X ló ti gbà á, torí X nìkan ni ìyá ní. Ta ni òun náà máa fún ní X yẹn? Àwọn ọmọ rẹ̀ abo. Akọ tó gbà á lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, orí Y ló ti gbà á. Àwọn ọmọ rẹ̀ akọ ló sì máa fún. Ó bára mu wẹ́kú. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó ń yà kúrò lọ́nà náà kò tú u ká, torí àwọn okùn méjèèjì máa ń pààrọ̀ apá kan fún ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo gbọ́dọ̀ tún ohun kan ṣe níbí fún ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà. Òjòlá rẹ kò bí kìkì abo o. Tí o bá ka gbogbo ọmọ tó pa nínú ẹyin, wàá rí i pé akọ àti abo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn tó ní àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan lò ń kà torí àwọn lò ń tà. Àwọn akọ wà níbẹ̀, wọn ò kàn ní àwọ̀ tó ń wù ọ́ ni.

Ní 2016, Mallery àti Carrillo kó ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó ń sin ejò aláwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ jọ, wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde nínú Phyllomedusa, ìwé àtìgbàdégbà kan ní Brazil. Wọ́n ní ohun tí àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ń sọ ni pé akọ òjòlá ló ní X àti Y. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 2017, Tony Gamble, Warren Booth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ tiwọn jáde nínú Current Biology. Wọ́n fi àbùdá ọ̀pọ̀ akọ àti ọ̀pọ̀ abo ejò síra, wọ́n ń wá ohun tó wà lára gbogbo akọ tí kò sí lára abo kankan. Wọ́n rí i lára boa, ejò ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó fara jọ òjòlá. Wọ́n tún rí i lára òjòlá ńlá ti Éṣíà. 50 ọdún géérégé lẹ́yìn ìwé Ohno, wọ́n yí àlàyé náà padà.

Ohun kan wà nípa Warren Booth tó wù mí. Ní 2010, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn abo boa kan tó bí ọmọ 22 láì jẹ́ pé akọ kankan ló ni wọ́n. Abo ni gbogbo wọn. Nínú ọgbọ́n àtijọ́ yẹn, ìyá tó ní Z àti W kò lè fi ara rẹ̀ nìkan bí irú abo bẹ́ẹ̀, àfi tí ọmọ náà bá ní W méjì. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ náà nìyẹn, pé W méjì ni. Àgbàyanu ni wọ́n pè é. Ní ọdún 7 lẹ́yìn náà, orúkọ Booth wà lára àwọn tó fi hàn pé kò sí àgbàyanu kankan níbẹ̀: ìyá tó ní X méjì dá bímọ, àwọn ọmọ náà sì ní X méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tó kọ rẹ́, ó yẹ ká dìde kí i. Èmi náà mọ bí ó ṣe ń dun ni tó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ òyìnbó nìkan ni wọ́n ti ń rí irú nǹkan báyìí. Ní 1966, ní Dakar, obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Madeleine Charnier ṣe ìwádìí lórí ẹyin alángbá, alángbá lásán, Agama agama, èyí tó ń mi orí lára ògiri ilé wa. Ó rí i pé ooru tó bá ẹyin ló ń pinnu bóyá akọ ló máa pa tàbí abo. Iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ẹranko afàyàfà. Lónìí, a mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀nì, bẹ́ẹ̀ sì ni ti ọ̀pọ̀ nínú ìran ìjàpá. Nítorí náà: lọ́dọ̀ adìẹ, ìyá ni, lọ́dọ̀ paramọ́lẹ̀, ìyá ni, lọ́dọ̀ òjòlá, bàbá ni, lọ́dọ̀ ọ̀nì, oòrùn àti ilẹ̀ ni. Ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀kan, kó má yára fi ṣèdájọ́ èkejì.

Ní ti èèyàn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tiwa ti pẹ́. Ní 1905, Nettie Stevens, obìnrin onímọ̀ kan ní Bryn Mawr ní Amẹ́ríkà, ń wo kòkòrò tó ń jẹ ìyẹ̀fun. Ó rí i pé gbogbo kúrómósóòmù abo ló tóbi, ṣùgbọ́n akọ ní kékeré kan láàárín wọn, àti pé èyí tó bá ti ara akọ wá ló ń sọ ọmọ di akọ tàbí abo. Láti ara kòkòrò yẹn ni wọ́n ti tọ ipa rẹ̀ dé ara èèyàn. Ìyẹn ni pé nígbà tí wọ́n ń gba yàrá lọ́wọ́ àǹtí mi ní Aiyétòrò, ó ti lé ní 50 ọdún tí ìdáhùn ti wà nínú ìwé. Kì í ṣe pé ayé kò mọ̀. Èmi tí mo mọ̀ ni n kò sọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn padà wá lọ́jọ́ Sunday bí mo ṣe wí. Mo mú bébà, mo kọ X méjì sí apá kan, mo kọ X àti Y sí apá kejì. Mo ní kó fi ìlà so wọ́n pọ̀, kó sọ fún mi ibi tí Y ti ń wá. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún fà á. Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Bàbá, ṣé èmi ni mo wá jẹ̀bi nìyẹn?"

Mo ní rárá. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn fún ẹ̀yin náà, torí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀bi kúrò lórí obìnrin kó lọ gbé e ka ọkùnrin lórí. Bàbá ni Y ti ń wá, ṣùgbọ́n kò sí bàbá tó ń yàn án. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìgbà téèyàn da owó ẹyọ sílẹ̀. Ẹni tó dà á sílẹ̀ tó bá ojú kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tẹ̀léra kò ṣẹ̀. Ẹlòmíì tó bá wọlé wá, òun náà ò ní gbé Y kankan wá. Mo ní, "Tó o bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì, ọ̀rọ̀ ìwọ àti ìyàwó rẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n o ò lè rán mi sí i pé ikùn rẹ̀ ló bàjẹ́. Mi ò ní jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó ká bébà náà, ó fi sí àpò, ó ní òun máa fi han ìyá òun. Kò ṣèlérí nǹkan kan, n kò sì fipá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo máa ń sọ fún yín ní kíláàsì pé ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ ni ìtàn ń gbọ́ tirẹ̀. Mo tún ń sọ ọ́. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ òjòlá kò bá ìwé mu. Àwọn tó ń sin ejò ní ẹ̀yìnkùlé ni, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, torí wọ́n ka ohun tó wà níwájú wọn, wọn kò ka ohun tí wọ́n ní kó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó gbẹ́ ihò náà ní Tógò àti Benin kò kọ tiwọn sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n. Mo máa fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọdẹ wa láti Ìmẹ̀kọ dé Ìdíròkò ti rí lẹ́nu ihò ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín jẹ́ ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì í, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó pẹ́ jù, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi.

Ọmọ àǹtí mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà láàyè. Mo ti pe àgbà wọn lọ́sẹ̀ yìí, mo sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ fún ìyá wọn fún un. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ mọ̀ ọ́n láti ìgbà yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.